Kí ni kí a mọ̀ kí a tó kó àwọn àgbà lọ jẹun ní ilé oúnjẹ bùfẹ́ Tex-Mex tí owó rẹ̀ kò ga?

Ìyàwó Ẹ̀gbá, Houston

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Àwọn òbí ọkọ mi dé láti Abẹ́òkúta, wọn yóò sì wà lọ́dọ̀ wa títí di ìparí oṣù tí ń bọ̀. Ọkọ mi fẹ́ kí a mú wọn jáde lọ jẹ oúnjẹ tí a mọ Texas mọ́, ó sì ti fọkàn sí ilé oúnjẹ Tex-Mex kan nítòsí wa tí ó ń ṣe bùfẹ́, níbi tí ènìyàn yóò ti san owó kan ṣoṣo, tí yóò sì máa bu ohun tí ó bá wù ú títí yóò fi yó. Àwa méje ni a ó lọ, àgbà mẹ́rin àti ọmọdé mẹ́ta. Mùsùlùmí ni bàbá ọkọ mi, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ṣeré rárá. Ìyá ọkọ mi ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń lo oògùn sí i. Owó tí a ní láti ná kò pọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí owó pọ́ọ́kú mú wa gbé ohun tí yóò da inú wọn rú síwájú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, àkókò wo ni ó dára jù láti lọ, kí ni kí a bù, kí ni kí a fi sílẹ̀, eélòó ni ó sì yẹ kí a mú dání?

Bàbá Fort Worth

Ẹ kú àlejò, ìyàwó wa. Ẹ bá wa kí Bàbá àti Màmá kú ewu ọ̀nà. Ohun tí ọkọ yín rò dára púpọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ayédèrú oúnjẹ Mẹ́síkò ni Tex-Mex. Oúnjẹ ìbílẹ̀ Texas ni. Àwọn ìdílé Mẹ́síkò ti ń gbé ilẹ̀ yìí kí Texas tó di ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1845, láàárín wọn ni ẹran màlúù, ìyẹ̀fun àlìkámà, wàràkàṣì àti èròjà olóòórùn tí ń jẹ́ cumin sì ti pàdé àgbàdo, ẹ̀wà àti ata tí wọ́n ti ń jẹ tipẹ́tipẹ́. Oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Chili Queens máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹran aláta síta ní gbàgede San Antonio ní alaalẹ́, tí òṣìṣẹ́, sójà àti àlejò sì ń jókòó ti tábìlì wọn láti jẹun ní owó táṣẹ́rẹ́.

Ní ti bùfẹ́ gan-an, orúkọ tí àwa tí a ti pẹ́ níhìn-ín máa ń kọ́kọ́ dá ni Pancho's, tí Jesse Arrambide bẹ̀rẹ̀ ní El Paso ní 1958, tí ó sì wá fi Fort Worth ṣe ibùjókòó lẹ́yìn náà. Àsíá kékeré kan máa ń wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan sí i, ẹ ó fa àsíá náà sókè, òṣìṣẹ́ yóò sì wá gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ jẹ sopapilla, ìyẹn ìyẹ̀fun dídín tí ó wú tí inú rẹ̀ ṣófo, tí a máa ń da oyin sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka rẹ̀ ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tí ìdílé ń dá ṣe ṣì ń bá irú iṣẹ́ náà lọ. Ní ibòmíràn ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa bu oúnjẹ, ní ibòmíràn ẹ ó tò lórí ìlà kí òṣìṣẹ́ bù ú sí àwo yín. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ mọ èyí tí ó jẹ́, nítorí kò yẹ kí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn máa dìde ní gbogbo ìgbà. Ọ̀kan nínú yín ni yóò máa bá wọn bù ú wá.

Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni èmi fara mọ́. Owó rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti alẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀, ibùjókòó máa ń wà, ẹ ó sì lè bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ dáadáa láìsí ariwo. Ẹ dé ibẹ̀ ní kété tí ìlà oúnjẹ ọ̀sán bá ti tò tán. Ẹni tí ó bá dé ní agogo méjì àbọ̀ yóò bá oúnjẹ tí ó ti ń retí alẹ́.

Ọmọ Ilé Ìdáná, San Antonio

Ẹ̀gbọ́n, mo júbà yín, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọjọ́ iṣẹ́ ni ó dára jù. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná irú ilé oúnjẹ yìí, mo sì mọ̀ pé ìdúró ni ó ń ba oúnjẹ bùfẹ́ jẹ́, kì í ṣe owó pọ́ọ́kú. Ẹ wo páànù enchilada, ìyẹn tortilla, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo tàbí àlìkámà ṣe, tí wọ́n ká mọ́ ẹran tàbí wàràkàṣì, tí wọ́n sì da ọbẹ̀ lé. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wàràkàṣì orí rẹ̀ ṣì ń hó díẹ̀díẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ bo tortilla dé etí páànù, bí ẹ bá sì fi ṣíbí gbé ọ̀kan, wàràkàṣì náà yóò máa fà tẹ̀lé e. Bí ó bá ti dúró pẹ́, àwọ̀ líle yóò ti bo ojú rẹ̀, òróró yóò ti yọ sójú ọbẹ̀, etí tortilla yóò ti gbẹ yóò sì ti dúdú. Kò sí ẹni tí yóò jẹ èyí tí kò ní sọ pé Tex-Mex kò dùn. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀ṣì bá jáde, páànù kan kì í pẹ́ tí ó fi ń tán, òmíràn gbígbóná yóò sì rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n ó san owó díẹ̀ tí wọ́n fi kún ti ọjọ́ náà, n ó sì jẹ oúnjẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni ẹ lè lọ, ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò wọlé ní agogo méjìlá gééré, nígbà tí èrò bá pọ̀.

Kí ẹ tó mú àwo rárá, ẹ kọ́kọ́ rin ìlà oúnjẹ náà já lọ́wọ́ òfo. Ìlànà ààbò oúnjẹ tí FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé kalẹ̀, tí àwọn ìpínlẹ̀ sì ń tẹ̀lé, ni pé kí oúnjẹ gbígbóná má ṣe tutù ju ìwọ̀n 135 ti Fahrenheit lọ, ìyẹn 57 ti Celsius, kí oúnjẹ tútù má sì gbóná ju 41 lọ, ìyẹn 5 ti Celsius. Ẹ kò ní mú ohun ìwọ̀n ooru lọ, ṣùgbọ́n ojú yín tó. Ẹ wò ó bóyá oru ń jáde lábẹ́ páànù ẹran àti ẹ̀wà, bóyá orí yìnyín ni salsa (ọbẹ̀ tòmátì àti ata), sour cream (ìpara wàrà kíkan) àti guacamole tí wọ́n fi píà ṣe wà, bóyá ṣíbí kọ̀ọ̀kan ní páànù tirẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì rì sínú oúnjẹ. Bí ẹran bá wà ní lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ohun yòówù tí ó lè jẹ́. Àwo tuntun sì ni ẹ gbọ́dọ̀ mú ní ìgbàkígbà tí ẹ bá padà lọ bù sí i. Ìlànà kan náà ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ṣíbí tí gbogbo ènìyàn ń lò má baà kan ibi tí ẹnìkan ti fi ẹnu kàn.

Àwọn ohun tí ó ní ọbẹ̀ lára ni ó ń fara da orí ìlà: enchilada, chili con carne, ẹ̀wà, àti ẹran tí a sè títí ó fi rọ̀. Àwọn ohun dídín tí ó yẹ kí ó máa dún lẹ́nu, irú bí flauta, ìyẹn tortilla tí wọ́n ká mọ́ ẹran tí wọ́n sì dín, àti taco tí tortilla rẹ̀ le, kì í pẹ́ kí wọ́n tó rọ̀, chile relleno, ìyẹn ata poblano ńlá tí wọ́n ki wàràkàṣì sí nínú kí wọ́n tó dín in, sì máa ń mu òróró bí ó bá dúró. Ẹ mú wọn kìkì bí ẹ bá rí i tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn jáde. Bí òṣìṣẹ́ bá wà tí ń yan tortilla lójú yín, ẹ dúró gba tirẹ̀, ẹ má ṣe mú èyí tí wọ́n ti wé sínú aṣọ láti àárọ̀.

Ẹ sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n tú tamale kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n ki ẹran sí ni, wọ́n sì pọ́n ọn sínú háhá àgbàdo kí wọ́n tó fi oru omi sè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ààrẹ Gerald Ford wá sí San Antonio níhìn-ín ní 1976, ó sì gé tamale jẹ pẹ̀lú háhá rẹ̀ níṣojú àwọn oníròyìn, nítorí kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún un ṣáájú.

Alhája Katy

Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ Bàbá ni ó ká mi lára jù, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ tí a lè rí kò le. Èyí tí ó fara pamọ́ ni ìṣòro. Carnitas jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, chorizo, ìyẹn sọ́séèjì aláta, sì sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ wọn sí iwájú páànù. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì tún dín, tí wọ́n ń pè ní refried beans, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in láti ilẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ti yí padà sí òróró ewébẹ̀, àwọn mìíràn kò sì yí padà, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ọ̀rá yìí kan náà lè wà nínú tortilla oníyẹ̀fun àlìkámà, nínú àgbàdo tamale, àti nínú sopapilla tí ọmọdé fẹ́ràn. Ẹ̀wà olómi tí wọ́n ń pè ní charro beans máa ń ní bacon nínú, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ni bacon. Enchilada oníwàràkàṣì pàápàá, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé kò léwu, ọbẹ̀ orí rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tàbí omi ẹran sè.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n ó pe ilé oúnjẹ náà ní àárọ̀, nígbà tí ọwọ́ wọn kò tíì kún, n ó sì ní kí wọ́n fún mi ní ẹni tí ń dáná. Bí ó bá jẹ́ èdè Sípáníìṣì ni ó gbọ́ jù, “¿Lleva puerco o manteca?” ni kí ẹ bi í, yóò mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀rá rẹ̀ ni ẹ ń béèrè. Ẹ dárúkọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá kàn bi í pé “Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀?”, yóò ní rárá, nítorí ẹran ni ó rò, kò ro ọ̀rá. Wọn kì í bínú sí i. Ẹnìkan ti bá mi mú ike òróró jáde kí n fi ojú ara mi rí i.

Ẹ jẹ́ kí Bàbá wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ bù, kí ṣíbí carnitas tó dé inú páànù adìẹ. Ní ti ẹran màlúù àti adìẹ, ilé oúnjẹ bùfẹ́ olówó pọ́ọ́kú kì í sábà lo ẹran tí a pa ní ìlànà halal. Àwọn Mùsùlùmí kan ń jẹ ẹran tí àwọn oníwèé, ìyẹn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì, bá pa, àwọn mìíràn kì í jẹ ẹ́. Ẹ bi Bàbá ní ilé kí ẹ tó jáde, kí ó má jẹ́ pé iwájú páànù ni wọn yóò ti máa rò ó. Bí wọn kò bá ní jẹ ẹ́, tortilla àgbàdo, guacamole, salsa, ẹ̀wà dúdú tí alásè jẹ́rìí sí, ewébẹ̀ àti flan tí wọ́n fi ẹyin àti mílíìkì ṣe yóò tó wọn jẹ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì, Arlington

Màmá lè jẹun níbẹ̀ kí ara wọn sì le, bí ẹ bá bójú tó ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àkókò oògùn. Bí wọ́n bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí lo oògùn tí ó lè já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kíákíá, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lò ó sílé kí wọ́n wá dúró lórí ìlà fún wákàtí kan láìjẹun. Ẹ bi dókítà tàbí apòògùn wọn bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe é, ẹ sì mú nǹkan dídùn díẹ̀ dání nínú báàgì, bóyá ara wọn lè máa gbọ̀n tàbí kí òógùn máa bò wọ́n.

Èkejì ni ohun mímu, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu pọ̀ sí jù. Agolo Coca-Cola kan tí ó jẹ́ 12 ounce ní gíráàmù ṣúgà 39 nínú, ife ilé oúnjẹ sì tóbi ju agolo lọ, wọ́n sì ń bu òmíràn sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá yóò rí agua de jamaica tí ó pupa fòò, wọn yóò sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zobo ni. Ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti horchata tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe. Omi tàbí tíì tí kò ní ṣúgà ni kí wọ́n mu.

Ẹ̀kẹta ni bí àwo ṣe tò. Kí ewébẹ̀ àti fajita, ìyẹn ẹran yíyan pẹ̀lú àlùbọ́sà òun ata, gba ìdajì àwo àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n mú yálà ìrẹsì tàbí tortilla, kí wọ́n má mú méjèèjì pọ̀. Tortilla àgbàdo kékeré sàn ju ti àlìkámà fẹ̀ǹfẹ̀ lọ, ẹ̀wà sì sàn ju ìrẹsì lọ, nítorí kì í jẹ́ kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ga lẹ́ẹ̀kan náà. Chips, ìyẹn tortilla gígé tí wọ́n dín gbẹ, tí wọ́n ń gbé sí tábìlì kí oúnjẹ tó dé, ẹ sún un kúrò níwájú wọn sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ àgbà wa ni inú wọn kò gba mílíìkì púpọ̀ mọ́, nítorí náà kí wọ́n tọ́ queso, ìyẹn ọbẹ̀ wàràkàṣì yíyọ́, wò díẹ̀ ni, kí wọ́n má ṣe fi kún inú.

Ìyá Ìbejì, Austin

Ti àwọn ọmọ ni tèmi. Ẹ fún wọn ní quesadilla, ìyẹn tortilla tí wọ́n fi wàràkàṣì sí láàárín, àti ẹ̀wà kí wọ́n tó rí ibi ìpápánu dídùn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dá lọ síbi páànù, nítorí irin rẹ̀ ń jóni. Jalapeño, ata aláwọ̀ ewé tí wọ́n tò sórí nachos, ìyẹn chips tí wọ́n da wàràkàṣì lé, kò lè ba àgbà tí ó ń jẹ ata rodo lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí salsa tí wọ́n kọ habanero sí, ẹ má fojú di í, mọ̀lẹ́bí ata rodo gan-an ni.

Olùṣirò, Dallas

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ kí ọkọ yín má baà bá ìyanu pàdé nídìí ẹ̀rọ owó. Ká ní wọ́n sọ fún yín lórí fóònù pé $14 ni ti àgbà, $7 ni ti ọmọdé. Àgbà mẹ́rin jẹ́ $56, ọmọ mẹ́ta jẹ́ $21, àpapọ̀ rẹ̀ $77. Owó orí ọjà ní Houston jẹ́ 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 6.25 ti ìpínlẹ̀ àti 2 ti agbègbè; ó di $83.35. Bí gbogbo yín bá wá gba ohun mímu ní $3 ẹnì kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ àti ohun mímu di $98, pẹ̀lú owó orí ó lé ní $106. Ìyàtọ̀ tí ó lé ní $22 nìyẹn lórí ohun mímu nìkan, omi sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè ẹ̀dínwó fún àwọn àgbàlagbà àti ọjọ́ orí tí ọmọdé kò ní sanwó, nítorí wọn kì í sábà sọ ọ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè.

Ibì kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ ti ṣọ́wó ná, ìyẹn ni owó tíìpù. Òfin fàyè gbà á ní Texas kí agbanisíṣẹ́ san $2.13 péré fún wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tí ń gba tíìpù, kí tíìpù sì dí ìyókù. Òṣìṣẹ́ tí ń kó àwo yín, tí ń bu omi fún yín, tí ń nu ohun tí ọmọ dà sílẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń ṣe bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ bu oúnjẹ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sílẹ̀ ní bùfẹ́. Fún ìdílé tí ó ní ọmọdé mẹ́ta, ẹ fi $10 sí i ó kéré tán. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ ń gbé oúnjẹ wá sí tábìlì, ẹ jẹ́ kí ó tó 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má sì di oúnjẹ sínú ike tàbí báàgì lọ sílé. Owó tí ẹ san jẹ́ ti ohun tí ẹ jẹ níbẹ̀, kì í ṣe ti ohun tí ẹ gbé lọ.

Ìyàwó Ẹ̀gbá, Houston

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ti pè wọ́n. Òróró ewébẹ̀ ni wọ́n fi ń dín ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú tamale wọn. Bàbá ní àwọn yóò jẹ ẹran màlúù. Ọjọ́ Àìkú ni a ó lọ, nítorí pé wọ́n ní menudo wà ní ọjọ́ náà nìkan, Bàbá sì gbọ́ pé ọbẹ̀ ṣàkì ni, inú wọn sì dùn sí i gidigidi. Ṣé kò sí ewu nínú menudo?

Alhája Katy

Ṣàkì màlúù ni, pẹ̀lú àgbàdo tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, ata pupa àti àlùbọ́sà. Wọn yóò fún orómbó wẹ́wẹ́ sí i lójú àwo. Bàbá yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alásè kan máa ń fi ẹsẹ̀ sí i kí omi rẹ̀ lè ki, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ màlúù, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, nítorí náà ẹ tún pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní “¿Pata de res o de puerco?” kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Bí ìkòkò mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ pozole sí, òun náà ní irú àgbàdo yẹn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń fi sè é. Ẹ fi ìkòkò méjèèjì han Bàbá kí wọ́n tó mú ìgbakọ.